Táyà ẹ̀yìn Porsche 911 mi: ṣé méjì ni kí n pààrọ̀ ni, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ eré, mo kí yín o. Àlòkù Porsche 911 ti ọdún 2008 ni mo rà níbí ní London, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo sì máa ń gbé e jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò wínníwínní ń rọ̀, mo kàn tẹná díẹ̀ ní róńdàbáòtù ni ìdí ọkọ̀ bá yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yìn sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, tí ìdí náà bá ti ń lọ, kì í rọrùn láti dá a padà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ojú rẹ̀ ṣì jìn tó 4mm, bẹ́ẹ̀ 1.6mm ni òfin ibí béèrè, ṣùgbọ́n 3514 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2014. Rọ́bà náà ti gan, ó sì ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mẹkáníìkì kan ní kí n gbé ti iwájú sẹ́yìn (táyà ẹ̀yìn tó fẹ̀ ju ti iwájú lọ!), n kò sì dá a lóhùn. Ṣé ti ẹ̀yìn nìkan tó? Ṣé dandan sì ni kí ẹni tí kì í rìn púpọ̀ máa pààrọ̀ òìlì lọ́dọọdún?