Àwọn tí Arsenal rà yìí, ṣé agbára wa ti tó láti gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Télọ̀ Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin olólùfẹ́ Arsenal ni mò ń bá wí jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin Liverpool náà lè dá sí i, ẹ má ṣáà bú wa.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù kí n lè rí ìjókòó iwájú wo eré Arsenal àti Liverpool ní ilé ìwòran tó wà lẹ́yìn wa. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi gbé e. Eré ò tíì gbóná tí Saliba, ẹni ẹ̀yìn wa, fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mosquera ni wọ́n ní kó wọlé, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti Valencia. Ẹ bá mi wò ó: pápá Anfield ti Liverpool, níwájú àwọn tó gba líìgì lọ́dún tó kọjá, ọmọ yẹn ò mikàn. Mo rò pé ọ̀mì la máa fi gbà lọ. Ìgbà tó di ìṣẹ́jú 83, Szoboszlai ti Liverpool yin fíríkíìkì kan láti òkèèrè réré, ó bá igun àwọ̀n lọ. 1-0. Mi ò lè jẹun alẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ni ọjà kátàkárà agbábọ́ọ̀lù tì. Ẹni méjọ la kó wọlé: Gyökeres, Zubimendi, Eze, Madueke, Nørgaard, Mosquera, Kepa, àti Hincapié tá a yá lọ́wọ́ Leverkusen. Owó náà lé ní 250 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ikọ̀ yìí ti tó gba líìgì tá a gbà kẹ́yìn ní 2004, nígbà tí Kanu ṣì ń bá wa gbá a? Tí Saka àti Ødegaard tó fara pa bá sì padà bọ̀ sípò, ibo lẹ máa fi Eze sí? Mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín ná.

Ọmọ Under G

Ẹ̀gbọ́n Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Liverpool ni mò ń ṣe, LAUTECH ni mo wà. Mi ò ní bú yín.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni burúkú nínú àwọn tẹ́ ẹ rà. Ṣùgbọ́n àwa la gba líìgì, àmì 84 sí 74 yín, a ò sì jókòó tẹtẹrẹ. A lọ mú Wirtz, a mú Ekitike, ní ọjọ́ tí ọjà fẹ́ tì la tún kó 125 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sílẹ̀ fún Isak. Góòlù 23 ni Isak jẹ nínú líìgì fún Newcastle ní sáà tó kọjá. Salah tó jẹ 29 ṣì wà ńbẹ̀. Kódà Ngumoha, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ ọmọ wa láti Nàìjíríà, òun ló wọlé tó fi gba eré fún wa ní ilé Newcastle nígbà tí àkókò ti tán. Ta lẹ ní tẹ́ ẹ máa fi ko gbogbo ìyẹn lójú?

Ẹ̀yìn wa ni mo gbà pé ó ń bà mí lẹ́rù. Bournemouth jẹ wá ní méjì, Newcastle jẹ wá ní méjì, Guéhi, ẹni ẹ̀yìn Crystal Palace tá a sì ń retí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ò jẹ wá ní ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Oníresì

Télọ̀, mo rí ẹ lọ́jọ́ náà, o ò tilẹ̀ dúró ra nǹkan kan nígbà tó o ń kọjá lọ, mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́ ni. Ó dun èmi náà.

Ọ̀rọ̀ Madueke ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ rà á láti Chelsea nínú oṣù Keje, àwọn olólùfẹ́ Arsenal kan ń fọwọ́ sí ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Ọmọ tí kò tíì wọ aṣọ wa rí! Saka ò sí lọ́jọ́ Àìkú, òun ló gbá ipò ẹ̀, ẹ sì rí bó ṣe ń mú ẹni tó ń ṣọ́ ọ sáré. Ẹni tó bá wà lára àwọn tó fọwọ́ síwèé yẹn, kó tọrọ àforíjì.

Ní ti Eze, apá òsì ni kí wọ́n fi í sí. Martinelli ń sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá dé iwájú ilé tán, bọ́ọ̀lù a bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Télọ̀, ọmọ mi, o kú ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Èmi ò ní ikọ̀ kan pàtó lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, eré tó bá dáa ni mo máa ń wò.

Ní 1976 tí IICC, ikọ̀ Ìbàdàn, na Tonnerre ti Yaoundé tí wọ́n fi gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Bàbá mi a máa mú mi wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Liberty Stadium n'Íbàdàn lọ wò wọ́n. Best Ogedegbe lójú ilé, Muda Lawal láàárín, Segun Odegbami létí ìlà. Ohun tí mo rí nígbà náà tí mi ò gbàgbé ni pé wọ́n mọ ara wọn. Kí Odegbami tó gbé orí sókè, ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀ ti dé ibi tó yẹ kó wà. Ìyẹn ò sí lọ́jà tí ẹnikẹ́ni lè lọ rà á. Ẹ kó ẹni méjọ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà wo ni wọ́n máa mọ ara wọn?

Gyökeres yín yẹn, atamátàsé tuntun, náà ń kọ mí lóminú. Góòlù 39 nínú eré 33 nínú líìgì Pọ́túgà, ó dáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, van Dijk àti Konaté, àwọn ẹni ẹ̀yìn Liverpool, ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi gba líìgì nìyẹn?

Télọ̀ Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá sí i. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó kọjá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní sáà 2023/24, góòlù 91 la jẹ. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó já sí 69. Ẹ̀yìn wa ò bàjẹ́ o, 34 péré la gbà sílé, kò sí ikọ̀ tó gba kékeré tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì. Eré mẹ́rin péré la pàdánù, iye kan náà tí Liverpool pàdánù. Ọ̀mì ló pa wá: mẹ́rìnlá! Ọ̀mì mẹ́rìnlá ni pé a dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé nígbà mẹ́rìnlá, a ò rí ẹni ṣílẹ̀kùn.

Kí ló fà á? Ẹ ka àwọn tó fara pa. Saka ní oṣù Kejìlá, ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin kó tó padà. Jesus ní oṣù Kìíní, orúnkún. Havertz ní oṣù Kejì, iṣan ẹ̀yìn itan. Ìgbà tá a lọ sí ilé Leicester ní 15 oṣù Kejì, kò sí atamátàsé kankan nílẹ̀, Merino tó jẹ́ ẹni àárín ni wọ́n sọ di ẹni iwájú. Ó jẹ méjì, a sì ń jó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà West Ham nà wá nílé wa, 1-0, lẹ́yìn ìyẹn a lọ ta ọ̀mì òdo sí òdo ní ilé Forest. Líìgì ti lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi. Ọ̀sẹ̀ kan kí Ìtúnu Àwẹ̀ ọdún yìí tó kò, ẹ̀rọ wífìn kan ṣoṣo tí mo fi ń ká etí aṣọ dákẹ́. Aṣọ ẹbí mẹ́tàdínlógójì ló wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ṣàìsàn, ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ geere, ẹni tó ń gé aṣọ ń gé e dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo aṣọ ń dúró sójú kan. Mo ń di aṣọ sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Sábó lóru kí ẹlòmíràn bá mi wífì ẹ́. Aṣọ mọ́kànlá ni kò bá ọdún. Ojú tì mí, mo sì dá owó wọn padà. Lẹ́yìn ọdún, ẹ̀rọ wífìn kejì ni mo kọ́kọ́ rà. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kejì yẹn dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo rà á kí iṣẹ́ má bàa dúró mọ́ ni.

Ohun tí mo rí nínú ọjà Arsenal lọ́dún yìí nìyẹn. Saka ṣubú ní ọjọ́ tá a na Leeds ní 5-0, Ødegaard náà fara pa ní ọjọ́ kan náà, orúnkún Havertz tún bàjẹ́, Saliba jáde ní Anfield. Ẹni mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ wa ì bá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Madueke dúró níbi Saka, Mosquera dúró níbi Saliba, ó sì gba fíríkíìkì tí ẹnikẹ́ni ò lè mú kí Liverpool tó rí wa nà. Bàbá, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹni méjọ yẹn ò pọ̀ jù. Raya, Saliba, Gabriel, Rice, Saka, Ødegaard, gbogbo wọn ló ti mọ ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tuntun wá kún wọn ni.

Àbúrò mi ní Under G ni ìbéèrè yín tọ́ sí, kì í ṣe èmi. Liverpool ló pààrọ̀ ẹni tó ń sáré lápá ọ̀tún àti òsì lẹ́yìn, wọ́n mú nọ́ńbà 10 tuntun, wọ́n mú atamátàsé tuntun méjì. Alexander-Arnold ti lọ sí Real Madrid, Díaz ti lọ sí Bayern, Núñez ti lọ sí Saudi. Jota, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ìyẹn ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ikọ̀ tó gba líìgì kọ́ ni wọ́n gbé jáde báyìí, ikọ̀ mìíràn ni. Crystal Palace tí Eze ṣì wà nínú ẹ̀ nígbà náà sì ti nà yín ní pẹnárítì ní Community Shield, eré tí wọ́n fi ń ṣí sáà, ní 10 oṣù Kẹjọ, ẹ má gbàgbé.

Gyökeres ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, Bàbá mi. Ó jẹ méjì lọ́jọ́ Leeds. Ní Anfield, ta ló gbé bọ́ọ̀lù fún un? Zubimendi, Rice àti Merino ló wà láàárín, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ẹ̀yìn. Ẹ̀bi akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, mo sì ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Arteta lọ síbẹ̀ láti má pàdánù, ó fi Eze jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdajì kejì fi lọ jìnnà. Kí la rà á fún?

Ọmọ tí Arsenal lé lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Eze. Ó rìn kiri Fulham, Reading, Millwall, ó dé QPR, ó dé Palace, òun ló jẹ góòlù tí wọ́n fi na Manchester City nínú àṣekágbá FA Cup ní Wembley ní 17 oṣù Karùn-ún, ife ńlá àkọ́kọ́ nínú ìtàn Palace. Tottenham ti fẹ́ mú un lọ, ilé ló yàn. Ìyá wa Oníresì, ẹ dárí jì mí, mi ò fara mọ́ apá òsì. Ẹni tó ń rí ọ̀nà tí ẹlòmíràn ò rí, ẹ má lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àárín, lẹ́yìn Gyökeres, ni kó wà. Tí Ødegaard bá dé, kí àwọn méjèèjì pín eré. Martinelli dára níbi tí àwọn tá à ń bá gbá bá jáde síta, tí ààyè bá wà lẹ́yìn wọn. Fún àwọn tó máa ń tìlẹ̀kùn mọ́rí, Trossard ni kó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Under G

Ẹ̀gbọ́n, Community Shield kì í ṣe ife o, ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wa. Wirtz ló ń dà mí láàmú jù, 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn kí wọ́n tó fi owó ẹ̀bùn kún un, mi ò sì tíì rí ibi tó máa dúró sí. Ẹ ní Eze tẹ́ ẹ mọ ibi tó yẹ kó wà. Àwa ò tíì mọ tiwa.

Bàbá Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Télọ̀, mo gbọ́ àlàyé rẹ nípa ẹ̀rọ wífìn, ó sì yé mi. Mi ò tíì yí ọkàn padà lórí atamátàsé yẹn. Kó jẹ márùn-ún sí i ná.

Télọ̀ Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Super Eagles máa kọ́kọ́ gbá Rwanda ní Uyo lọ́jọ́ kẹfà, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ Sátidé 13 oṣù Kẹsàn-án, Nottingham Forest ń bọ̀ nílé wa ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń tò wọ́n: Raya, Timber, Mosquera, Gabriel, Calafiori, Zubimendi, Rice, Eze, Madueke, Gyökeres, Trossard. Hincapié àti Martinelli lórí bẹ́ǹṣì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń wá ra gaàrí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé nígbà mìíràn, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí n lè gba ìjókòó iwájú sílẹ̀ dè yín.