Sísọ ọ̀rá di epo: ṣé "sun" ni, "dín" ni, àbí "já"?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, mo kí yín o. Ẹ ní kí á pe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rá àti ike àlòkù di epo ní "ìsundepo". Àbúrò wa kan ní "dín" ló yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí àdín. Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú ìkòkò irin náà ná. Wọ́n á dé e pa kí atẹ́gùn má wọlé, wọ́n á koná mọ́ ọn nídìí títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná ò fọwọ́ kan ọ̀rá rárá. Ọ̀rá á yọ́, á máa ru sókè bí oru omi tó ń hó, á gba inú páìpù lọ síbi tútù, ibẹ̀ ló ti ń di epo. Gáàsì tí kò di epo ṣeé dá padà sídìí iná, èédú díẹ̀ á sì kù sí ìsàlẹ̀. (Ike páìpù omi kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ o, ásíìdì ló ń mú jáde.)

Ẹ ó ní ṣebí a ń sọ pé "sun èédú", bẹ́ẹ̀ yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi ń bo igi yẹn kí atẹ́gùn má ráyè. Òótọ́ ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yín ti lágbára jù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ará àdúgbò mi n'Ílé-Ifẹ̀ pé kó sun ọ̀rá: ìṣáná ni yóò mú lọ sí ààtàn. A ti ń fa èéfín yẹn símú tó. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun tún tì í lẹ́yìn.

"Dín" wù mí ju "sun" lọ. Ṣùgbọ́n epo ti wà nínú èkùrọ́ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ooru kàn lé e jáde ni. Epo kankan ò fara pamọ́ sínú ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Okùn kábọ́nù (èròjà tó wà nínú èédú) gígùn gbọọrọ ni. Ooru ló ń já a sí kúkúrú, àwọn kúkúrú yẹn ló ń ṣàn bí epo. "Tú" pàápàá kò bá a mu, nítorí okùn tí a tú ṣì gùn bó ṣe gùn tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, "ìfoorujá" ni mo mú wá.

Orúkọ epo náà ló kù. Bí a bá ní "epo" lásán, epo pupa ni gbogbo ilé yóò rò. "Epo ọ̀rá" ń dún bí ọ̀rá ẹran. Mo ń wo "epo ààtàn", àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé orúkọ náà lè lé oníbàárà sá. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, kí lẹ rí sí i?