Òròmọdìẹ mi ń kú sínú èèpo, wọ́n ní nọ́ńbà méje tí mo fẹ́ràn ló fà á

Ìyá Méje, Kàbbà:
Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú mi ò dùn rárá ni. Ọjọ́ keje oṣù keje ni wọ́n bí mi, èmi sì ni ọmọ keje ìyá mi. Láti kékeré ni méje ti ń bá mi rìn. Méje méjì ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà fóònù mi. Ọjọ́ keje oṣù ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ keje náà ni mo máa ń sanwó fún ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Mi ò bọ ọ́, mi ò fi rúbọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ni, ọkàn mi máa ń balẹ̀ tí mo bá ti rí i.

Nígbà tí mo ra ìnkubétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ẹyin gbóná títí òròmọdìẹ á fi jáde, méje yìí náà ni mo fi ń darí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni mò ń yí ẹyin lójúmọ́. 37.7 lórí ìwọ̀n Celsius ni mo fi ooru ẹ̀ sí, mi ò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn òròmọdìẹ ń kú. Òmíràn á ti fi ẹnu sọ èèpo, kò ní lè jáde. Òmíràn á tóbi tán, á wú, á kú sínú omi. Àǹtí ọkọ mi wá dúró ti ẹ̀rọ lójú àwọn oníbàárà mi, ó ní mo ti sọ nọ́ńbà di òòṣà, pé òòṣà náà ló ń pa mí lẹ́yin jẹ. Ó tún gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Èmi tí mo máa ń kó kíréètì ẹyin fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà Kérésì! Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò mí. Ẹ gbà mí níyànjú, ṣé kí n pa nọ́ńbà yìí tì ni?

Bàbá Ọ̀sìn, Ìsánlú:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àǹtí ọkọ rẹ pọ̀ nínú ohun tí o kọ, ohun tí a ó fi ràn ọ́ lọ́wọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ ni àbí nọ́ílà? Àkùkọ mélòó ló wà láàárín wọn? Adìyẹ tí àkùkọ kan ń gùn kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ọjọ́ mélòó ni ẹyin náà ti wà nílẹ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ? Ọjọ́ wo lo dáwọ́ yíyí dúró? Omi ńkọ́?

Ẹ̀ẹ̀meje tí o ń yí i, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ wí sí i. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló dára jù: ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀meje. Òru ni ẹyin máa ń pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí o bá yí i lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀gbẹ́ tó fi sun àná náà ni yóò tún fi sun òní, ọlẹ̀ inú ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ awọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀meje, ẹ̀gbẹ́ kejì ló kàn.

Díákónì, Ayétòrò Gbẹdẹ:
Arábìnrin, kò sí ohun búburú nínú méje. Ọjọ́ keje ni Ọlọ́run sinmi. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n yí Jẹ́ríkò ká lọ́jọ́ keje, ẹ̀ẹ̀meje ni Náámánì ri ara rẹ̀ bọ Jọ́dánì. Nínú àṣà Yorùbá pàápàá, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Kí ẹni tó bá pè é ní òòṣà lọ ka Bíbélì ẹ̀ dáadáa.

Tóbi, Ìyàrà:
Díákónì, ẹ jẹ́ ká fi Jọ́dánì sílẹ̀ sà, ẹyin ló ń bàjẹ́. Nọ́ńbà ò ń pa ẹyin, nọ́ńbà ò sì ń gbà á là. Ooru, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti yíyí ni.

Ìyá Awó, Ẹ̀gbẹ̀:
Tóbi, rọra. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á rí méje níbi gbogbo nínú ẹ̀. Ọjọ́ 21 ni ti adìyẹ, 28 ni ti tòlótòló, 35 ni ti pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ wa, ògòǹgò ń lọ sí nǹkan bí 42. Méje ló pín gbogbo wọn. Tí òròmọdìẹ bá jáde tán, ooru ilé tí a fi ń tọ́jú wọn á wà ní 33 sí 35 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ó máa fi nǹkan bí mẹ́ta dín in ní ọjọ́ méje-méje títí ìyẹ́ á fi bò wọ́n. Ṣé òòṣà nìyẹn náà?

Tóbi, Ìyàrà:
Kúéèlì ńkọ́, mà? Ọjọ́ 17 sí 18. Ẹyẹlé, 17 sí 19. Awó tí ẹ fi ń jẹ́ orúkọ gan-an, 26 sí 28. Ẹ ò lè ṣa èyí tó bá méje mu nìkan.

Ìyá Awó, Ẹ̀gbẹ̀:
28 wà nínú ohun tí o kọ yẹn. Mi ò sọ pé méje ló dá ẹyẹ. Mo ní ó ṣeé fi ṣe àmì. Ẹni tó kó ẹyin adìyẹ wọ ẹ̀rọ ní Thursday mọ̀ pé Thursday ni wọ́n á jáde, kò nílò kàlẹ́ńdà.

Bàbá Ọ̀sìn, Ìsánlú:
Tó bá kà á dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Tí a bá ń ka ọjọ́ ọjà, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú ẹ̀ mọ́ ọn. Ti ẹyin ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin tó wọ ẹ̀rọ ní Thursday, ọ̀la Friday ni ọjọ́ kìn-ín-ní ẹ̀. Ẹni tó bá ka Thursday mọ́ ọn á dáwọ́ yíyí dúró kó tó yẹ, á sì máa rò pé ẹyin òun pẹ́ nígbà tí wọn ò tíì pé.

Oníìnkubétọ̀, Mọ̀pà:
Ọ̀rọ̀ 37.7 yẹn ló mú mi dúró. Ṣé fáànù wà nínú ẹ̀rọ yín, mà? Tí fáànù bá wà, 37.5 sí 37.8 ló yẹ, 37.7 yín dára. Tí kò bá sí fáànù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á lọ sókè, tútù á wà nísàlẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 38.3 sí 38.9 la ń wá, orí ẹyin gan-an la sì ń gbé tẹmométà sí, kì í ṣe ara pákó tàbí ilẹ̀ àwo. 37.7 nínú àpótí tí kò ní fáànù, ẹyin á pẹ́ jáde, òròmọdìẹ á rẹ̀, ìdodo rẹ̀ ò ní padé dáadáa.

Ẹ tún yẹ tẹmométà náà wò. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, ẹ ti orí tẹmométà ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi ń wo ibà. Tí wọn ò bá sọ ohun kan náà, ti ibà ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ máa ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ìyá Méje, Kàbbà:
Ẹ ṣé gan-an. Díákónì, Ọlọ́run á bù kún yín, màá ka ọ̀rọ̀ yín sí àǹtí ọkọ mi létí. Fáànù ò sí. Ẹni tó kàn án fún mi ló ní kò nílò fáànù. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi 37.7 sílẹ̀ báyìí, nọ́ńbà yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí mo rà á.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́ja:
Ẹ fi fáànù sí i, 37.7 yín á wá jẹ́ òótọ́. Ẹ kò ní láti fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ ìgbà tí wọ́n ń kú. Lọ́jọ́ keje, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin tó gbòòrò nínú òkùnkùn. Tí ẹ bá rí iṣan pupa tó tàn kálẹ̀, pẹ̀lú àmì dúdú kan tó ń mì láàárín, ó wà láàyè. Tó bá mọ́ kedere, àkùkọ ò gùn ún, tàbí kó ti kú kí iṣan tó yọ. Tí ẹ bá rí òrùka ẹ̀jẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì kú: ooru tó ṣe ségesège tàbí ẹyin tó pẹ́ nílẹ̀ ló sábà máa ń fa ìyẹn. Tiyín ń dàgbà tán kó tó kú, ìparí ni wàhálà yín wà. Èyí tó wú tó sì kún fún omi, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù fún un kó tó di ọjọ́ 18. Èyí tó sọ èèpo tí awọ sì gbẹ mọ́ ọn lára, ọ̀rinrin ti kéré jù níparí. Kó máa jẹ́ 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn náà kó gòkè sí 65 sí 70.

Tí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kékeré, ìyẹn dára ju ojú lọ. Ẹyin tó wọn gíráàmù 60 lọ́jọ́ tó wọlé yẹ kó ti fi nǹkan bíi gíráàmù méje fúyẹ́ nígbà tó bá fi di ọjọ́ 18. Méje nìyẹn náà, mà. Tó bá jẹ́ mẹ́rin péré ló lọ, omi inú ẹ̀rọ yín ti pọ̀ jù.

Ohun tí kò yé mi ni pé àwọn méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹ̀rọ kan. Ẹyin yín ti pẹ́ tó nílẹ̀ kí ẹ tó kó o wọlé?

Ìyá Méje, Kàbbà:
Kò pẹ́ nílẹ̀ rárá, Dókítà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yé e náà ni mò ń kó o wọlé. Méje lójúmọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń mú ẹyin méje tó dára jù, mo kó o sí i, títí á fi di 77 tí àwo á kún. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mọ́ mi nínú. Tí àwọn àkọ́kọ́ bá ti pé ọjọ́ 18, màá dáwọ́ yíyí dúró, màá da omi sí i.

Bàbá Ọ̀sìn, Ìsánlú:
Háà. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ibòmíràn.

Ọjọ́ mọ́kànlá lo fi ń kó 77. Nígbà tí àwọn méje àkọ́kọ́ bá pé ọjọ́ 18, àwọn tó gbẹ̀yìn ṣì wà ní ọjọ́ kẹjọ. O dáwọ́ yíyí dúró fún gbogbo wọn, ọlẹ̀ tó wà ní ọjọ́ kẹjọ lẹ̀ mọ́ awọ. O da omi kún un, àwọn tó ṣì yẹ kó máa fúyẹ́ mu omi yó, àwọn nìyẹn tó ń wú. Àwọn tó wà ní ọjọ́ 20 ń sọ èèpo, o tún ń ṣí ìlẹ̀kùn láti mú èyí tó ti jáde, ọ̀rinrin sá lọ, awọ gbẹ mọ́ wọn lára. Ọmọ ilé-ìwé kíláàsì mọ́kànlá ni o kó sí yàrá kan, tí o ń fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà.

Tóbi, Ìyàrà:
Ẹ wá rí i báyìí. Nọ́ńbà náà ló fà á.

Ìyá Awó, Ẹ̀gbẹ̀:
Kíkó wọn wọlé lójoojúmọ́ ló fà á. Ká ní mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń kó, ṣé kò ní rí bákan náà? Má bá èèyàn jà torí ohun tó fẹ́ràn.

Ìyá Méje, Kàbbà:
Mi ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì láti sọ ọ́ ni. Adìyẹ tó bá ń yé nínú igbó, ṣé kì í yé ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni? Wọ́n sì ń di òròmọdìẹ.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́ja:
Kì í sàba lé e títí á fi yé e tán, mà. Ẹyin náà á wà nílẹ̀ láìgbóná, tí adìyẹ bá wá jókòó, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn. Ẹ máa mú ẹyin méje yín lójoojúmọ́, ẹ má fi í wọ ẹ̀rọ. Ẹ tò ó sínú kíréètì, ṣóńṣó ẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tó tutù. Lọ́jọ́ keje, ẹ kó gbogbo ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Méje lọ́nà méje, 49.

Oníìnkubétọ̀, Mọ̀pà:
Dókítà, ọjọ́ méje nílẹ̀ ti pọ̀ jù fún Kàbbà láàárín February sí April. Ibi tó tutù tó 15 sí 18 ni wọ́n ń sọ pé ẹyin lè fi ọjọ́ méje wà. Nínú yàrá tí ooru ti ju 30 lọ, ọlẹ̀ á ti máa jí díẹ̀díẹ̀, á tún máa kú. Ọjọ́ mẹ́ta, ó pọ̀ jù márùn-ún.

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́ja:
Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn tó rin dí àárín wọn, ẹ fi aṣọ tó rin bo ẹnu ẹ̀, kó wà níbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kò ní tutù tó 18, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí tábìlì lọ. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tàbí tí òjò ń rọ̀, méje á ṣeé ṣe. Nígbà ooru, kó jẹ́ márùn-ún. Má gbé e sínú fíríìjì tí ẹ ti ń mu omi, ìyẹn tutù kọjá ààlà fún un.

Ìyá Méje, Kàbbà:
49 tẹ́ mi lọ́rùn. Màá fi fáànù sí i, ọ̀la ni màá pe oníṣẹ́. Nígbà ooru, màá fara mọ́ 35, méje lọ́nà márùn-ún. Àwọn tó wà nínú ẹ̀rọ báyìí ńkọ́? Ṣé kí n dà wọ́n nù ni?

Bàbá Ọ̀sìn, Ìsánlú:
Má dà wọ́n nù. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sára ẹ̀, má lo báírò. Tí o kò bá rántí, tọ́ọ̀ṣì á sọ fún ọ: ti ọjọ́ keje ní iṣan, ti ọjọ́ 14 ti ṣú púpọ̀, ti ọjọ́ 18 ṣú pátá àyàfi ihò afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí. Máa yí gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀meje bí o ti ń ṣe. Èyí tó bá pé ọjọ́ 18, kó o kúrò lọ sínú àpótí kejì, níbi tí wọn yóò ti sọ èèpo jáde.

Oníìnkubétọ̀, Mọ̀pà:
Kúlà fóòmù ti tó fún àpótí kejì náà. Bọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń gbóná, pẹ̀lú tẹ́mósítáàtì tó ń tàn án tó sì ń pa á. Ihò méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, torí òròmọdìẹ tó fẹ́ jáde ń mí púpọ̀. Fi àwọ̀n bo abọ́ omi kí wọ́n má bàa rì sí i. Tí ọ̀rinrin ò bá tó, abọ́ tó fẹ̀ ni kí ẹ wá, ojú omi tó fẹ̀ ló ń mú ọ̀rinrin wá, kì í ṣe omi tó jìn.

Ìyá Méje, Kàbbà:
Tí iná bá lọ ńkọ́?

Dókítà Ẹran, Lọ́kọ́ja:
Fún ẹ̀rọ ńlá, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ gbé ike omi gbígbóná tí ẹ dé pa sínú ẹ̀, ẹ má máa ṣí i wò. Fún àpótí kejì, ẹ má dí ihò ẹ̀. Ẹyin tó ti pé 18 ń mú ooru wá fúnra wọn, àìrí afẹ́fẹ́ ló máa tètè pa wọ́n.