Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àbúrò Tuntun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti gba físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù mi máa balẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni kékeré kan ni mo ń lọ. Ètò ìgbàlejò àwọn ọmọ tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní kí n kàn sùn dáadáa, pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò já mọ́ nǹkan kan. Ọkàn mi ò gbà á. Ilé pásítọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìjọsìn ò bà mí lẹ́rù. Ìwé ìjọba àti ẹni tí a máa jọ gbé yàrá ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Indiana:
Káàbọ̀, àbúrò mi. Ẹni tó ní kí o máa sùn yẹn, ó dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ò tíì jí.

Tí o bá ti gbé ẹrù sílẹ̀, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ yà sí. Mú páṣípọ́ọ̀tù, I-20 (ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fún ọ tí o fi gba físà) àti I-94 (àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ sí Amẹ́ríkà) dání. I-94 yẹn, wọn kì í fi bébà lé ẹni tó bá bàálù wọlé lọ́wọ́ mọ́. Ìwọ lo máa lọ gbà á jáde lórí ìkànnì CBP, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde, wò ó dáadáa. Ṣé orúkọ rẹ bá ti páṣípọ́ọ̀tù mu? Ṣé F-1 ni wọ́n kọ síbẹ̀? Orúkọ wa gùn, àṣìṣe kì í pẹ́ wọ̀ ọ́. Tèmi, orúkọ bàbá mi ni wọ́n fi síbi tó yẹ kí orúkọ àbísọ mi wà. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń sá sókè sá sódò nítorí ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní DSO ní ọ́fíìsì yẹn ló máa fi orúkọ rẹ sínú SEVIS, àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí ìjọba ń tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà, kí 30 ọjọ́ tó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó wà lórí I-20 rẹ. Bí o tilẹ̀ ń jókòó ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí wọn ò bá ṣe èyí, lójú ìjọba, o ò tíì dé. Bi wọ́n léèrè pé, "Ṣé ẹ ti ṣe é?" Má tijú, tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kírẹ́díìtì 12, ó kéré tán, ni ẹni tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan. Nínú 12 yẹn, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n á kà, kò sì gbọdọ̀ ju kírẹ́díìtì 3 lọ. Kíláàsì lè le, ó lè sú ọ, ṣùgbọ́n má jù ú sílẹ̀ láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ bá DSO sọ̀rọ̀. Tí o bá kó kúrò níbi tí ò ń gbé, ọjọ́ 10 lo ní láti fi sọ fún wọn. Kí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ wà nínú báàgì tí o gbé kọ́ apá, kó má wà nínú èyí tí wọ́n fi sí ikùn bàálù. Mo mọ ẹni tí báàgì rẹ̀ sọnù, tó sì tún gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Texas:
Ìyá Ìbejì ti sọ ti ìjọba, ẹ jẹ́ kí n sọ ti májẹ̀mú.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí máa ń ní kí o fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n ń pè ní covenant, májẹ̀mú nípa ohun tí o ò ní ṣe. Ọtí wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀, ìbálòpọ̀ ẹni tí kò tíì gbéyàwó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn fi wákàtí tí ọkùnrin lè wọ yàrá obìnrin, tàbí obìnrin yàrá ọkùnrin, kún un. Lórí fóònù ni èmi ti tẹ "mo gbà" láìkà á, bí ẹni ń gba ètò tuntun sórí fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àbúrò mi obìnrin wá kí mi láti ìlú kejì. Ọmọ ìyá mi! A jókòó ní yàrá mi, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. RA kanlẹ̀kùn. RA ni akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń bójú tó ilé tí ẹ̀ ń gbé. Ó kí àbúrò mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bá a ṣàwàdà, ó wá ní òun gbà pé ọmọ ìyá mi ni, ṣùgbọ́n aago ti kọjá. Mo kọ lẹ́tà àlàyé lọ́sẹ̀ tí mo dé. Àbúrò mi ò tíì ṣíwọ́ fífi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nítorí náà, kà á kí o tó fọwọ́ sí i, má sì fi ṣọ́ọ̀ṣì tí o ti wá díwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ tí o ń lọ. Onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn, òfin wọn ò dọ́gba. Wheaton ní Illinois, ọdún 1860 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 2003 ni wọ́n tó gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jó nínú ọgbà. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ijó ni wọ́n á fi kí ọ káàbọ̀. Tí tìrẹ bá sì jẹ́ ti àwọn Adventist, irú Andrews ní Michigan, Sábáàtì wọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ó di ìgbà tí oòrùn bá tún wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá máa dé irú ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ Àlùfáà, Michigan:
Àbúrò, o ní ọ̀rọ̀ ìjọsìn ò bà ọ́ lẹ́rù. Ibẹ̀ gan-an ló ti bá mi o.

Chapel wọn, ìsìn inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ní kíkà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tèmi, a máa ń fi káàdì ìdánimọ̀ kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, iye tí o gbọ́dọ̀ wá ní sáà kan wà nínú ìwé òfin. Tó bá dín, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ọ, wọ́n sì lè ti orúkọ rẹ pa títí tí o kò fi ní lè mú kíláàsì sáà tó ń bọ̀. Èmi lérò pé wákàtí mẹ́ta tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ti tó Ọlọ́run. Ó lè ti tó Ọlọ́run lóòótọ́, kò tó ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo máa yẹ ìwé mi wò ní àárín sáà, mo ti jẹ gbèsè chapel mẹ́sàn-án. Béèrè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: mélòó ni, ibo ni mo ti lè rí iye tí mo ti wá, tí mo bá pẹ́ ńkọ́, tí iṣẹ́ bá bọ́ sí àkókò yẹn ńkọ́?

Ti yàrá wá kù. Alẹ́ kejì tí mo dé, mo dìde láago méjìlá òru láti gbàdúrà bí mo ṣe máa ń ṣe. Mò ń rìn lọ rìn bọ̀, mò ń pàtẹ́wọ́, ohùn ń ga. Alábàágbé mi, ọmọ ìjọ tí wọ́n ti ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, rò pé èmi àti ẹnì kan ń jà lórí fóònù. Ó yọ́ jáde, ó lọ pe RA. RA dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó tàn án sí mi lójú lórí "Ní orúkọ Jésù." Kò sẹ́ni tó bínú. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi yàrá àdúrà kan hàn mí ní ìsàlẹ̀ ilé, ibi tí mo ti lè bú ramúramù bí mo ṣe fẹ́. Ṣé o rí i, yàrá yẹn ti wà níbẹ̀ látijọ́, n kò kàn béèrè ni.

Àǹtí Ohio:
Ẹ má fi ẹ̀rù àdúrà ba ọmọ yìí o. N kò fara mọ́ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n gbé àdúrà wọn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé. Ohun tó sàn ni kó kọ́kọ́ bá alábàágbé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ RA máa ń fún ẹ̀yin méjèèjì ní ìwé àdéhùn kan: ìgbà wo ni iná máa kú, ta ló lè wá kí yín, ta ló máa gbálẹ̀, ṣé ẹnì kan lè lo nǹkan ẹnì kejì. Àwọn ọmọ wa máa ń kọ "kò sí wàhálà" síbi gbogbo, nítorí ìtìjú. Wàhálà á sì dé lọ́sẹ̀ kẹta. Èmi kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: àdúrà, aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ohùn jẹ́jẹ́. Alábàágbé mi náà kọ tirẹ̀: kí n má fọwọ́ kan fèrèsé, tòtútù tòtútù ni òun fi ń sùn. A fọwọ́ sí i, ó tán.

Má sì rò pé onígbàgbọ́ ni gbogbo ẹni tí o bá bá níbẹ̀. Eré ìdárayá ló gbé àwọn kan wá, ẹ̀dínwó owó ilé ẹ̀kọ́ ló gbé àwọn kan wá, àwọn òbí ló fi tipátipá kó àwọn mìíràn wá. Bá wọn ṣọ̀rẹ́ ná kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

Ọmọ Àlùfáà, Michigan:
Àǹtí, mo gbà. N kò rí ìwé àdéhùn yẹn lọ́jọ́ tèmi, tàbí kí n ti rí i kí n má kà á.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, mò ń rẹ́rìn-ín. Àjàyí Crowther lọ sí ilé ìwé kan ní Islington, London, lọ́dún 1826. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown lọ́dún 1827, òun ni wọ́n kà sí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ọmọ wa kan ti gba ọ̀nà yìí kọjá tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ tó lè bi léèrè. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní ara yín.

Kí n fi ti ìwé kún un, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àbúrò, ilé pásítọ̀ ò ní gbà ọ́ ní kíláàsì Bíbélì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni níbẹ̀, máàkì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó kọ ìwàásù dípò àròkọ, pẹ̀lú "Halelúyà" nínú rẹ̀, ó gba C. Mo tún rí èyí tó da ọ̀rọ̀ oníwàásù ẹlòmíràn kọ láìdárúkọ rẹ̀. Olè jíjà ni wọ́n kà á sí. Gba syllabus (ìwé ètò ẹ̀kọ́) kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí o kọ gbogbo ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ ìfisílẹ̀ iṣẹ́ sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wákàtí tí olùkọ́ kọ pé òun máa wà ní ọ́fíìsì, tìrẹ ni. Lọ kí i. Kì í ṣe pé o ṣẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí o wá.

Ìyá Ìbejì, Indiana:
Dùùrù yẹn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé.

Iṣẹ́ inú ọgbà nìkan ni F-1 lè ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ. Iṣẹ́ ilé ìkàwé àti ilé ìjẹun kì í pẹ́ tán, nítorí náà béèrè kíákíá. Tí o bá ti rí iṣẹ́, wàá gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ àti lọ́wọ́ DSO, òun ni wàá fi lọ gba nọ́ńbà Social Security, èyí tí ìjọba fi ń mọ òṣìṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níta ọgbà máa gbọ́ pé o ń tẹ dùùrù, wọ́n á fẹ́ràn rẹ, wọ́n á sì na owó sí ọ. Owó yẹn, iṣẹ́ ìta ọgbà ni lójú ìjọba, kódà tó bá jẹ́ inú ìwé orin ni wọ́n fi pamọ́ sí. Má gbà á.

Màmá Akẹ́kọ̀ọ́, Georgia:
Ẹ jọ̀ọ́ o, mo ní ìbéèrè tèmi. Ọmọ mi ti wọ ọdún kejì ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pè wọ́n pé kí wọ́n sọ máàkì rẹ̀ fún mi, wọ́n ní àwọn ò lè sọ. Èmi tí mò ń sanwó!

Bàbá Tíṣà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Òfin ni, FERPA ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti ọdún 1974. Tí ọmọ bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló ni àṣẹ lórí ìwé rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń sanwó. Ọmọ náà lè fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́, torí tí ẹ bá lé e, kò ní fọwọ́ sí i. Àbúrò, bá àwọn òbí rẹ sọ èyí kí o tó wọ bàálù.

Àbúrò Tuntun:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti dé, mo ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. DSO ti fi orúkọ mi sínú SEVIS, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. I-94 mi dáa. Mo ti wá sí chapel méjì, ẹ̀rọ kà á. Alábàágbé mi ń ké orin lójú oorun, a ò rí ibi tí a máa kọ ìyẹn sí nínú àdéhùn. Ní ọjọ́ kẹta, ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ní kí n wá tẹ dùùrù! Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá jókòó gbọ́ ìwàásù ná.

Nǹkan kan ló kù. Olùkọ́ mi kan, màmá tó ti tó ọgọ́ta ọdún, ní kí gbogbo wa máa pe òun lórúkọ àbísọ. Ẹnu mi ò gbà á.

Bọ̀ọ̀dá Texas:
Pè é ní Dókítà.

Àbúrò Tuntun:
Ó ní òun ò fẹ́ Dókítà.

Bọ̀ọ̀dá Texas:
Má pè é ní nǹkan kan nígbà náà. Dúró síwájú rẹ̀ títí á fi gbójú sókè. Ọdún mẹ́rin ni èmi fi ṣe é.