Ẹ gbà mí o, bóòtù abẹ́ Camry kò jáde

Oníkámúrì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti sú mi. Táyà ẹ̀yìn ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, táyà tí mi ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán! Àwọn tó ń ṣe alignment ní àwọn ò lè fọwọ́ kàn án, àfi tí bóòtù kan lábẹ́ ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ jáde. Mẹkáníìkì mi gba owó WD-40 (òróró tí wọ́n ń fín sí irin tó há), ó gba owó oúnjẹ, ó tún ní kí n lọ ra sípánà, bí ẹni pé èmi ni mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá nìyàwó mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ojú tó sì fi ń wò mí, ẹ ò ní fẹ́ rí i. Báwo lẹ ṣe ń tú bóòtù tó ti há? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n ta ọkọ̀ o.

Bàbá Rẹ̀mí: Bóòtù wo? Camry ọdún wo? Orí rẹ̀ ṣì dá, àbí wọ́n ti họ ọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ sọ tán, ẹ fi èyí tó ṣe kókó sílẹ̀.

Ọmọ Ògún: Iṣẹ́ WD-40 kọ́ nìyẹn. Ẹ da ATF (òróró jíà ọ̀tọ̀máátíìkì) àti asetóònù (èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́) pọ̀, ìdajì sí ìdajì, sínú agolo onírin. Ẹ máa gbọn ọ́n kí ẹ tó lò ó, torí wọn kì í pẹ́ yà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà họ ìpẹtà kúrò lójú òwú bóòtù (ìlà tó yí i po, tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọ̀ ọ́) ná, kí ẹ wá kán an sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kí iná dé ìtòsí rẹ̀ o.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò. Onígun méjìlá ló ń họ orí bóòtù. Ẹ kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kí ìpẹtà tó dì í mú lè já, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tú u.

Wẹ́dà Ìkòròdú: Ẹ fi gáàsì pa nọ́ọ̀tì pọ́n, kì í ṣe bóòtù. Nọ́ọ̀tì á fẹ̀, á sì tú. Tó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi àbẹ́là kàn án, á fa ìda wọlé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Bàbá Rẹ̀mí: Wẹ́dà, táńkì epo wà níwájú ibẹ̀! Rọ́bà búṣì tí bóòtù gbà kọjá náà á gbiná. Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ tú ni àbí ilé lẹ fẹ́ jó?

Wẹ́dà Ìkòròdú: Mo ní nọ́ọ̀tì, mi ò ní táńkì.

Oníkámúrì: Ẹ̀gbọ́n, 2004 ni, tòkunbọ̀ láti Canada. Bóòtù gígùn tó gba inú apá méjèèjì tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú àti knuckle (irin tí táyà so mọ́) kọjá ni. Nọ́ọ̀tì ti jáde tipẹ́. Bóòtù ń yí, kò kàn jáde ni. WD-40 yẹn sì dára, gbogbo ayé ló ń lò ó.

Ọmọ Ògún: Nọ́ọ̀tì ti jáde! Ẹ sì jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì látàárọ̀.

Bàbá Rẹ̀mí: Ọkọ̀ Canada, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló jẹ ẹ́. Páìpù irin kan wà láàárín búṣì, bóòtù ti dógùn-ún mọ́ ọn. Tí ẹ bá yí i, rọ́bà ló ń lọ́, kì í ṣe bóòtù ló ń tú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí orí bóòtù, ẹ yí i, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Tó bá padà síbi tó wà, rọ́bà nìyẹn. Ibẹ̀ gùn, òróró kì í sì í dé àárín rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ láìdá nọ́ọ̀tì padà, òwú á fẹ̀, kò sì ní lè gba inú ihò kọjá mọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì: Kí wọ́n lo ìbọn afẹ́fẹ́ sí i, kó máa gbọ̀n.

Oníkámúrì: Ó ti lò ó. Apá tuntun méjèèjì sì wà nínú bùútù, Ládípọ̀ ni mo ti rà wọ́n. Bóòtù nìkan ni mi ò rà.

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ ti ra apá? Kí lẹ wá ń pa ara yín sí lórí bóòtù yìí? Ẹ gé e. Ẹ gbé ọkọ̀ lórí sítáńdì, kì í ṣe jáàkì nìkan. Ẹ yọ wáyà ABS àti páìpù bíréèkì kúrò lọ́nà. Ẹ fi ayùn irin eyín 18 tàbí 24 nínú ínǹṣì kan wọ àárín búṣì àti knuckle, lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn. Bóòtù yẹn le, ẹ rọra máa fà á, kí ẹ sì máa kán òróró sí bíléèdì. Apá àtijọ́ á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orí bóòtù nínú rẹ̀.

Wẹ́dà Ìkòròdú: Èyí tó kù nínú knuckle ńkọ́?

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ fi irin gbọọrọ gbá a jáde. Tó bá kọ̀, ẹ tú knuckle kúrò lára ọkọ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí táńkì. Ibẹ̀ ni gáàsì yín ti wúlò.

Wẹ́dà Ìkòròdú: Ó tán.

Ọmọ Ògún: Bóòtù tuntun kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin rírọ̀ ṣe. Ẹ wo nọ́ńbà orí ti àtijọ́, kí ẹ ra èyí tó bá a dọ́gba, gígùn rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ fi gíríìsì oníbàbà pa ara rẹ̀ níbi tó ti wọ búṣì, ẹ má fi pa òwú rẹ̀. Ẹ fún un tán pátápátá nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀. Tí ẹ bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀, rọ́bà búṣì á máa lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Oníkámúrì: Mẹkáníìkì ní kí n tún san owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ o.

Bàbá Rẹ̀mí: Ẹ ra bíléèdì méjì fún un. Kó má sì fọwọ́ kan ayùn títí bóòtù tuntun fi máa wà lọ́wọ́ yín.