Ká yọ ìròyìn yìí ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Malta ni mo ń gbé, ìwé ìròyìn kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo bá ń ṣiṣẹ́. Àwa mẹ́rin péré ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbé ìròyìn jáde nípa ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Kò pé ọjọ́ méjì tí lẹ́tà lọ́yà àwọn tó ń kọ́ ilé náà dé, ojú ewé mẹ́ta gbáko: ká yọ ọ́ tàbí ká pàdé ní kóòtù. Ọ̀gá wa kà á tán, kọfí rẹ̀ ti tutù, ó ní, “Owó ìpolówó àwọn wọ̀nyí la fi ń san owó ọ́fíìsì.”

Èèyàn ibí kò ju ìdajì mílíọ̀nù àti díẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì ní tẹlifíṣọ̀n tiwọn, ONE àti NET. Ta ló kù tó máa sanwó fún wa?

Kì í ṣe owó nìkan là ń bẹ̀rù. Ní October 16, 2017, bọ́ǹbù inú mọ́tò ni wọ́n fi pa Daphne Caruana Galizia, akọ̀ròyìn kan níbí. Ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tó lé ní 40 ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin Yúróòpù ọdún 2024 tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, èyí tó ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn lọ́wọ́ ẹjọ́ tí wọ́n fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹjọ́ tó bá kan ju orílẹ̀-èdè kan lọ ló wà fún. Malta sì ni àwa àtàwọn tó ń halẹ̀ mọ́ wa jọ wà!

Ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé ká sì fèsì lẹ́tà yìí fúnra wa, àbí ká wá lọ́yà ná?