Níbo ni kí a mú àlejò lọ jẹ àmàlà ní Ìbàdàn?

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ o, ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àti ìdílé rẹ̀ ń bọ̀ láti Jámánì, a sì fẹ́ mú wọn lọ wo Gbọ̀ngàn Mápó àti Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí sí Dùgbẹ̀ lọ́dún 1965. Ó wù mí gidigidi pé kí wọ́n jẹ àmàlà tí wọ́n fi ojúlówó èlùbọ́ iṣu rò, tó dúdú, tó kúnná, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì tí wọ́n sẹ́ dáadáa. Gbogbo wa ló mọ Amala Skye ní Bódìjà, ṣùgbọ́n èrò kì í wọ́n níbẹ̀, ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yìí, tó ti dàgbà, kò sì lè dúró pẹ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibòmíràn tó ní ìjókòó tó rọrùn, tí ọbẹ̀ kì í ta jù fún ọmọdé? Nítorí pé gbẹ̀gìrì máa ń tètè kan nínú ooru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ àsìkò tí tibẹ̀ máa ń jinná fún mi.